Ọ̀bẹ Tí Kò Lórúkọ Lára

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin èrò ọ̀nà, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ẹni tó ń bó ẹ̀pà kó máa bó o lọ, ẹni tó pọn ọmọ kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó lè gbádùn ẹ̀yìn rẹ̀. Ìtàn ọ̀bẹ kan ni mo fẹ́ sọ fún yín, ọ̀bẹ tí wọ́n yìn títí ìyìn náà fi di ẹ̀sùn. Mi ò ní kánjú sọ ọ́ o. Irin tí a bá kánjú yọ nínú iná, ojú ọjà ló ti ń dójú ti ẹni tó rọ ọ́.

Lẹ́yìn Ìlọrin, níbi tí ọ̀dà ti tán lójú títì tí erùpẹ̀ pupa ti gbà á, abúlé kan wà tí wọ́n ń pè ní Budó Àgbẹ̀dẹ. Àgbẹ̀dẹ mẹ́fà ló wà níbẹ̀ láyé àwọn bàbá wọn. Lónìí, ẹyọ kan ló kù, obìnrin ló sì wà nídìí rẹ̀. Bilkisu lorúkọ rẹ̀. Kò tíì pé ọdún márùndínlógójì, ó sanra níwọ̀n, apá rẹ̀ sì le bí igi ọmọ odó.

Bàbá rẹ̀ tó ti di olóògbé ló ni àgbẹ̀dẹ náà. Bàbá bí ọkùnrin méjì, àmọ́ kò sí èyí tó fẹ́ gbọ́ ooru iná nínú wọn. Ọ̀kan ń wa mọ́tò l'Ábújá, èkejì ń tún fóònù ṣe lẹ́bàá Ọ̀fà Garage. Bilkisu nìkan ló ń lọ jókòó ti ẹwìrì láti kékeré, tó ń fẹ́ iná, tí bàbá rẹ̀ ń wí fún un pé, "Àwọ̀ irin ni kí o máa wò, má wo ọwọ́ mi." Nígbà tó yá, bàbá gbé owú lé e lọ́wọ́. Àwọn kan ní obìnrin kì í lu irin. Bàbá dá wọn lóhùn pé, "Ó ti lé lógójì ọdún tí mo ti ń lu irin, kò bi mí léèrè rí bóyá akọ ni mí."

Ìgbà tí bàbá kú ni ọ̀rọ̀ yí padà. Àlàbí, tó jẹ́ àbúrò bàbá, pe ẹbí jọ. Ó ní ilẹ̀ àgbẹ̀dẹ yẹn kọjú sí títì, pé ẹni tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ti wá wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Bilkisu ní, "Bàbá kékeré, àgbẹ̀dẹ náà ńkọ́?"

"Àgbẹ̀dẹ wo? Ta ló ń ra ọkọ́ mọ́? Ta ló ń ra ọ̀bẹ lọ́wọ́ obìnrin? Bí o bá rí àwọn ènìyàn tó máa gbéṣẹ́ fún ọ bí wọ́n ṣe ń gbé e fún bàbá rẹ, kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, máa ṣe é lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ó pe àwọn tó ń kó àlòkù irin, wọn a wá kó owú àti ẹ̀mú lọ."

Gbogbo ẹbí ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni pé oṣù méjì péré ló kù kí àgbẹ̀dẹ tó gbẹ̀yìn ní Budó Àgbẹ̀dẹ di ibi ìmọ búlọ́ọ̀kù.

Hamzah ló kọ́kọ́ wá. Hamzah ni olórí àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó, ìyẹn àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n kó ara wọn jọ láti máa rìn nínú igbó kí jàǹdùkú má baà bá wọn lóko, kí wọ́n má sì kó màlúù wọn lọ. Ẹni tó ń sun inú igbó kò lè ṣe kó má ní ọ̀bẹ. Òun ló fi ń gé okùn, òun ló fi ń la igi tí yóò fi dáná, òun ló fi ń bó ẹran. Kò sì gbọ́dọ̀ wọ́n, nítorí àpò àgbẹ̀ ni wọn yóò ti rà á.

Hamzah ti ra ọ̀kan lórí fóònù ná. Ó yọ ọ́ síta han Bilkisu. Ọ̀bẹ náà dúdú mirinmirin, eyín bíi ti ayùn wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n tẹ orúkọ òyìnbó gàdàgbà mọ́ ọn lára, kọ́ńpáàsì tó ń tọ́ka àríwá sì wà ní ìdí èèkù rẹ̀.

"Ó mà rẹwà o," ni Bilkisu wí.

"Ẹwà ló pa mí," ni Hamzah dáhùn. "Mo tẹ̀lé abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì yìí kírun Alásárì nínú igbó. Ìgbà tí mo sàlámà tán, tí mo gbójú sókè, oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń wò mí lójú kòró! Dípò Mẹ́kà, Gáńbíá ní ìwọ̀-oòrùn ni mo kọjú sí, wàláhì."

Bilkisu rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá wọlé lọ gbé ọ̀bẹ kan tó ti rọ sílẹ̀ láti ìgbà ọyẹ́ wá, èyí tó fi sípíríǹgì mọ́tò agbépo ṣe. Kò gùn ju ìbú ọwọ́ méjì lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn, èèkù rẹ̀ jẹ́ igi ayìn tí ó gbẹ́ títí tó fi bá àtẹ́lẹwọ́ mu. Hamzah dì í mú, kò fẹ́ẹ́ fi sílẹ̀ mọ́.

"Èyí ni mo ń wá. Àmọ́ àwọn èèyàn mi á ní kò lórúkọ lára. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ bá Bàbá Kàdírì l'Ọ́jà-Ọba. Bí bàbá yẹn bá ti ní ó dáa, ọ̀rọ̀ parí. Gbogbo wa la máa rà á."

Inú Bilkisu dùn. Ó dùn nítorí pé òun alára ń wá irú àgbà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ní ilé wọn, àmì kan wà tí wọ́n máa ń tẹ̀ sára irin, ìlà mẹ́ta pẹ̀lú ihò kékeré kan. Àmọ́ alágbẹ̀dẹ tuntun kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ sára ọ̀bẹ tó kọ́kọ́ rọ títí àgbà kan tí kì í ṣe ẹbí yóò fi dán an wò. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Bí àmì bá ti wà lára rẹ̀ kí àgbà tó wò ó, wọ́n á ní orúkọ ilé ni àgbà bọ̀wọ̀ fún, kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ. Ìdí nìyí tí Bilkisu fi fi fáìlì ha ibi tí àmì yóò wà, lẹ́bàá èèkù, tó sì fi í sílẹ̀ lófìfo.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n gun ọ̀kadà wọ ìlú, wọ́n wọ kẹ̀kẹ́, wọ́n sì sọ̀ lẹ́nu Ọjà-Ọba. Àbdùlkàdírì, tí gbogbo ayé ń pè ní Bàbá Kàdírì, jókòó sórí àpótí rẹ̀ bí ó ti ń ṣe láti àádọ́ta ọdún. Ọ̀bẹ ló wà níwájú rẹ̀ lọ súà, ti Ṣáínà, ti Íńdíà, ti Jámánì. Àwọn ọdẹ, àwọn alápatà, àwọn Fúlàní darandaran, òun ni wọ́n ń gbé ọ̀bẹ wá fún kó sọ èyí tó jẹ́ orijína àti èyí tó jẹ́ fèèkì. Bí ó bá ti sọ ọ́, kì í yí i padà. Wọ́n ní ọjọ́ tí Bàbá Kàdírì bá ní "mo ṣì í" ni ewúrẹ́ máa kéwú.

Hamzah kọ́kọ́ gbé ọ̀bẹ orí fóònù fún un. Bàbá fi èékánná ta á. Ó gbọ́ ohùn rẹ̀, ó yọ ṣùtì. Ó mi èèkù, nǹkan ń ró ṣákáṣákà nínú rẹ̀.

"Èèkù yìí ṣófo. Irin rẹ̀ kò wọnú èèkù ju ọmọ ìka kan lọ. Bí o bá fi la igi lẹ́ẹ̀kan, orí á lọ síhìn-ín, ìdí á lọ sọ́hùn-ún. Orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sí i gan-an, wọ́n kọ ọ́ ṣì. Ta ló tà á fún ọ?"

"Fóònù ni, Bàbá."

"Lọ fi fóònù bẹ́ igi."

Àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Bilkisu wá kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ọ̀bẹ tirẹ̀ kalẹ̀ sórí ẹní.

Bàbá fi èékánná ta á. Ohùn rẹ̀ gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó pẹ́ kó tó kú. Bàbá tún un ta. Ó mí sí i lára, ó ń wo bí èémí náà ṣe ń wọ́ kúrò láti ẹ̀yìn wá sí ẹnu, kò yára, kò lọ́ra. Ó fa òkúta kékeré kan yọ lápò, ó fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ha á, iná ṣẹ́ pàrà. Ó fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ojú, ó fi ojú kan wo bó ṣe tọ́ láti ìdí dé ṣóńṣó. Ó tún yí i padà. Alápatà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ na ọrùn wò ó. Bilkisu rí i pé arúgbó náà kò fẹ́ gbé e kalẹ̀, ó sì mọ̀ pé irin òun ti sọ̀rọ̀ tó wọ̀ ọ́ létí. Orí rẹ̀ wú. Ó ní lọ́kàn rẹ̀ pé, bàbá mi, ẹ gbọ́ o.

Bàbá Kàdírì gbójú sókè. "Èyí dáa. Láti bí ọdún mẹ́wàá, mi ò tíì rí irú rẹ̀. Ta ló fún yín?"

"Èmi ni mo rọ ọ́, Bàbá."

"Kí lo wí?"

"Èmi ni mo rọ ọ́. Ní Budó Àgbẹ̀dẹ."

Arúgbó náà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó tọ́ka sí ibi tí fáìlì ti ha.

"Kí ló wà níbí tẹ́lẹ̀? Orúkọ ló wà níbẹ̀, ẹ fi fáìlì pa á rẹ́! Orijína ìlú òyìnbó ni èyí, tókunbọ̀ tó dára. Ọmọbìnrin, ẹni tó bá pa orúkọ rẹ́ lára ọ̀bẹ, kò yàtọ̀ sí ẹni tó jó àmì rẹ́ lára màlúù olómàlúù. Ìlọrin kò ní ọwọ́ tó lè rọ irú èyí mọ́. Mo ti sọ ọ́ tipẹ́, mo tún sọ ọ́ lónìí."

Ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ẹnì kan ní, "Ah! Olè lobìnrin yìí?" Bilkisu ò mọ ibi tó máa fojú sí. Ìyìn tí wọn kò tíì yin ẹnikẹ́ni rí ní Budó Àgbẹ̀dẹ ni wọ́n yìn ín yìí, òun náà ni wọ́n fi pè é lólè. Ó mọ̀ pé ìròyìn yìí yóò ṣáájú òun délé, pé Àlàbí yóò ti gbọ́ kí òun tó sọ̀ lórí ọ̀kadà. Ó ṣàlàyé àṣà ilé wọn, ó ṣàlàyé àmì. Bàbá Kàdírì ní àlọ́ ni.

Bilkisu dìde lórí ìkúnlẹ̀. Kò pariwo.

"Bàbá, ẹ̀rí alágbẹ̀dẹ kì í gbé ẹnu, inú iná ló ń gbé. Lọ́la, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, ẹ wá sí Budó Àgbẹ̀dẹ. Mo máa rọ òmíràn lójú yín. Bí kò bá dà bí èyí, ẹ pè mí lólè láti ibẹ̀ títí dé Ọjà-Ọba, mi ò ní fèsì."

"Èmi? Kí n kúrò lórí àpótí yìí?"

Hamzah sún mọ́ ọn. "Bàbá, ẹyin lohùn. Ẹ ti jù ú sílẹ̀. Bí ẹ ò bá wá wò ó, ọrùn ta ni ẹ̀sùn yìí máa wà lọ́jọ́ alákìyámọ̀?"

Arúgbó fa ọ̀pá rẹ̀ mọ́ra. Ó ní, "Màá wá."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo abúlé ti yí àgbẹ̀dẹ ká. Àlàbí wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó ń mọ búlọ́ọ̀kù, wọ́n ti mú okùn ìwọ̀n dání. Bàbá Kàdírì jókòó sórí òkúta, ó fi ọ̀pá rẹ̀ há itan. Bilkisu di gèlè rẹ̀ pinpin, ó ní "Bísímíláì," ó sì ti sípíríǹgì bọ iná.

Ìyá rẹ̀, Ummu-Kulthum, ló ń fẹ́ ẹwìrì. Àmọ́ ìyá ti darúgbó, ikọ́ sì ń bá a jà. Iná ń ṣe pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́. Irin kàn pọ́n wẹ́lẹ́ ni, kò kọjá bẹ́ẹ̀. Àlàbí rẹ́rìn-ín músẹ́. Bilkisu wo iná, ó wo ìyá rẹ̀. Kò lè máa fẹ́ kó tún máa lù. Bí ó bá lu irin náà báyìí, sísán ni yóò sán.

Bàbá Kàdírì ń wò ó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń lu ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi ju ọ̀pá nù.

"Ẹ dìde níbẹ̀, ìyá. Ẹ dìde! Ẹ fẹ́ sun irin ni àbí ẹ fẹ́ kọrin fún un kó lè sùn?"

Ó jókòó ti ẹwìrì, ó gbá a mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ẹ, ọ̀kan ń lọ, ọ̀kan ń bọ̀, fìn-ìn, fìn-ìn, láìsinmi. Iná ké. Eérú fò. Ẹnu ya gbogbo èèyàn.

Bilkisu ní, "Bàbá, ta ló kọ́ yín?"

"Bàbá tó bí mi lọ́mọ. Mo sá fún un nígbà tí mo wà lọ́mọ ogún ọdún, mo lọ ń ta ti òyìnbó. Máa lu irin rẹ, ó ń tutù!"

Bilkisu lù ú. Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ó fà á gùn, ó fẹ̀ ẹ́, ó jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn, ó tẹ́ ẹnu rẹ̀. Irin bá wọnú iná lọ lẹ́ẹ̀keje, lẹ́ẹ̀kẹjọ. Nígbà tó kan rírì í bọ epo kó lè le, ó fà á yọ, ó wò ó, ó dá a padà. Ó tún fà á yọ, ó tún dá a padà. Àwọn èèyàn ń kùn pé kí ló ń dúró dè. Bàbá Kàdírì ní tirẹ̀, àwọ̀ irin ló ń wò. Ìgbà tí irin pọ́n bí àgbálùmọ̀ tó pọ́n lórí igi, àwọn méjèèjì jọ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà:

"Ó tó!"

Ó rì í bọ epo ẹ́ńjìnnì àlòkù. Epo hó ṣọ̀ọ̀ọ̀, èéfín bo àgbẹ̀dẹ. Ìgbà tí ó tutù, ó ha á dán díẹ̀, ó tún yá a níná jẹ́jẹ́ títí ara rẹ̀ fi ní àwọ̀ oyin, kó má baà le jù kó wá kán. Ó pọ́n ọn. Kò tíì ní èèkù, aṣọ ló wé mọ́ ìrù rẹ̀, ó sì gbé e kalẹ̀ síwájú arúgbó náà.

Bàbá Kàdírì fi èékánná ta á. Ó mí sí i. Ó gbé e sórí ìtì igi ayìn, ayìn tó le tó máa ń mú kí ẹnu àáké kú, ó fi òlùgbọ̀ngbọ̀ lu ẹ̀yìn ọ̀bẹ, igi là sí méjì. Ó wo ẹnu rẹ̀, kò yẹ̀, kò ká. Ó wá fi ọ̀bẹ ti àná tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó pẹ́ níbẹ̀ ṣáá, tó ń wo ọ̀kan, tó ń wo èkejì.

Nígbà tó dìde, kò bá Bilkisu sọ̀rọ̀. Ó kọjú sí gbogbo abúlé.

"Èmi Àbdùlkàdírì, mo ti ń wo ọ̀bẹ ní Ọjà-Ọba láti àádọ́ta ọdún. Mo ní Ìlọrin kò ní ọwọ́ yìí mọ́. Irọ́ ni mo pa, mo ṣì í. Mo pe ọmọ yìí lólè. Olè kọ́, ọmọ alágbẹ̀dẹ ni, òun gan-an sì ni alágbẹ̀dẹ. Ọwọ́ kan náà ló rọ ọ̀bẹ méjèèjì. Orijína ni. Ibí yìí ni orijína ti wá." Ó wá yíjú sí i. "Bilkisu, èmi kì í ṣe ẹbí rẹ, mo sì ti dán an wò. Àmì ilé bàbá rẹ dà?"

Bilkisu gbé irin àmì, ó sì lù ú mọ́ ibi tó fi sílẹ̀ lófìfo lára ọ̀bẹ àkọ́kọ́. Ìlà mẹ́ta àti ihò kan. Ummu-Kulthum ké gúdà ayọ̀, àwọn obìnrin gbè é lẹ́sẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà oko.

Hamzah ní àwọn ẹ̀ṣọ́ mọ́kàndínlógún ni àwọn, olúkúlùkù yóò gba tirẹ̀, àwọn ará Budó kejì náà sì ti ń béèrè. Ẹni tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ká okùn ìwọ̀n rẹ̀ jọ, ó bi Àlàbí bóyá ilẹ̀ mìíràn wà. Ọ̀bẹ ni Àlàbí ń wò ní tirẹ̀.

Bàbá Kàdírì wá dá a lábàá pé kí Bilkisu máa kó ọ̀bẹ rẹ̀ wá sórí ẹní òun, pé òun yóò gbé e síwájú ti Jámánì. Bilkisu kúnlẹ̀, ó dúpẹ́.

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́. Àmọ́ mi ò ní kó o wá sọ́jà. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, ẹ júwe ibí fún un. Kó wá síbi tí wọ́n ti ń rọ ọ́, kó rí iná, kó rí ọwọ́. Kò ní sí ẹni tó máa bi yín bóyá orijína ni."

Arúgbó náà wò ó, ó rẹ́rìn-ín títí eyín tó kù fi hàn. Ó ní, "Ọmọ yìí ń lé mi kúrò lẹ́nu ọjà mi!" Àmọ́ ó júwe ibẹ̀. Ó ń júwe rẹ̀ títí di bí mo ti ń wí yìí. Ọ̀kadà ń wá láti Àsà, láti Mórò, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣọdẹ ní òpin ọ̀sẹ̀ ń gbé mọ́tò wọn wá láti GRA. Bí wọ́n bá dé oríta tí wọn ò mọ ọ̀nà, Àlàbí ni wọ́n máa ń bá níbẹ̀, lórí àga, tó ń na ọwọ́: "Ẹ máa lọ tààrà. Àgbẹ̀dẹ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Àwa la ni ín."

Ẹni tó bá rò pé mo fi iyọ̀ sí i, kó lọ bi Ummu-Kulthum, ìyá Bilkisu. Òun ló sọ ọ́ fún Binta, ìyàwó Hamzah, níbi tí wọ́n ti jọ ń ṣa èso ẹ̀mì. Binta sọ ọ́ fún mi nígbà tí mo lọ kí wọn kú ọdún iléyá. Èmi náà ti wá sọ ọ́ fún yín báyìí, bí wọ́n ṣe rọ ọ́ fún mi ni mo ṣe gbé e kalẹ̀.